Nígbà Tí A Fẹ́ Sọ Fọ́tò Kékeré Di Ńlá

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ìyá tó bí bàbá mi jáde láyé, ọ̀rọ̀ fọ́tò ló kọ́kọ́ dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín ẹbí. A ti sanwó pósí, a ti mú aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n a kò rí àwòrán kan ṣoṣo tó yẹ iwájú ìwé ètò ìsìnkú, ká má tilẹ̀ sọ ti bánà tí a fẹ́ gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá tó lo ọdún 84 láyé! Gbogbo wa la ní fóònù, gbogbo wa la sì ti pa àwòrán wọn rẹ́ nígbà kan tàbí òmíràn nítorí pé àyè kún. Èyí tó sàn díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹ́ kù ni èyí tí wọ́n yà níbi ìsọmọlórúkọ kan, tó ti gba ọwọ́ ẹni márùn-ún kọjá lórí WhatsApp kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló dúró nínú rẹ̀. Nígbà tí mo gé orí àti èjìká ìyá jáde, ohun tó kù kò ju píksẹ́lì 300 lọ ní fífẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fà á gbòòrò bẹ́ẹ̀ lásán, ojú ìyá sì dà bí ojú ẹni tí a ń wò láti ẹ̀yìn gíláàsì tí òjò ń rọ̀ lé. Ó ní kí n má ṣèyọnu, AI wà. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí àwòrán náà fi mọ́ kedere, débi pé èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mo sì gbé e lọ bá bàbá mi nílé. Wọ́n wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Ìyá àgbà ni, sà."

"Pélé ni ìyá mi kọ. Èyí kò kọ ilà kankan."

Òótọ́ ni. Ilà mẹ́ta-mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ti òsì ti pòórá. Imú ti tínrín sí i, awọ ojú sì ń dán bíi ti ẹni ogójì ọdún. Ẹ̀rọ ti ya obìnrin arẹwà kan fún wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí a fẹ́ sin.

Ó yẹ kí á mọ ohun tó fà á. Àwòrán inú fóònù dà bí ẹní tí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyọ àwọ̀ kéékèèké hun. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Iye tí kámẹ́rà kó lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà ni iye tó wà. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ 300 di 2400, ó di dandan kó wá ẹyọ tuntun fi dí àlàfo, kò sì sí ibi tí yóò ti rí wọn ju pé kó fojú bù wọ́n lọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni pé kó máa tún ẹyọ tó wà tẹ́lẹ̀ tò. Ìyẹn ló ń mú kí àwòrán ṣe págunpàgun bí ògiri tí a kò tíì rẹ́. Ọ̀nà tó sàn jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní bicubic, máa ń wo ẹyọ 16 tó wà láyìíká, á sì ti inú wọn mú àwọ̀ tó bá wọn mu jáde. Àwòrán kò ní ṣe págunpàgun mọ́, àmọ́ yóò rí bàìbàì. Ọbẹ̀ tí a bu omi là ni: ó kárí àlejò, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ sí i.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ará Chinese University of Hong Kong wà lára wọn, gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní SRCNN. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ àwòrán kọ́ ẹ̀rọ, èyí bàìbàì àti èyí tó mọ́ kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, títí ó fi mọ bí a ṣe ń ti ìkíní dé ìkejì. Àwọn ètò mìíràn tó lágbára jù ú lọ ti dé láti ìgbà náà, iṣẹ́ wọn sì wúlò gan-an. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yà, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ ojú ènìyàn kì í ṣe ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Duke University ní Amẹ́ríkà gbé ètò PULSE jáde, tó ń ti inú àwòrán bàìbàì mú ojú tó mọ́ kedere jáde. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi gbé fọ́tò Barack Obama tó rí bàìbàì sínú rẹ̀. Ojú ọkùnrin aláwọ̀ funfun ló jáde. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti rí púpọ̀ ni yóò gbà pé ó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ojú tí wọ́n fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, mélòó ni yóò kọ pélé? Lójú rẹ̀, ìdọ̀tí orí fọ́tò ni ilà ìyá àgbà, ó sì bá wa nù ún kúrò.

Bàbá mi ló ní ká pa kọ̀ǹpútà tì, ká lọ wá fọ́tò. Ìmọ̀ràn yẹn ju gbogbo ètò kọ̀ǹpútà lọ, òun ni èmi náà yóò sì kọ́kọ́ fún yín. Ẹ wá ẹni tó ya àwòrán náà gan-an. Ẹ̀dà tó wà nínú fóònù rẹ̀ lè ní píksẹ́lì 4000 ní gígùn, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí WhatsApp ti fún pọ̀ kó lè tètè lọ sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi "Document", kì í ṣe bíi fọ́tò. Yóò dé ọwọ́ yín bó ṣe wà. Ní tiwa, ẹni tó ya ti ìsọmọlórúkọ ti sọ fóònù nù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló yọ wá. Wọ́n mú fọ́tò kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, èyí tí ìyá lọ yà lọ́dọ̀ oní-fọ́tò ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn: gèlè wọn ga, ilà wọn hàn gbangba, wọn kò rẹ́rìn-ín rárá. Íǹṣì 4 sí 6 ni. Ẹ̀rọ skánà la gbé e lé. Bí ẹ bá yí skánà sí 600, tó túmọ̀ sí ẹyọ 600 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò di píksẹ́lì 2400 sí 3600. Ìwé A4 tó mọ́ dáadáa ń fẹ́ 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2480 sí 3508. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba nìyẹn. Bánà ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6 ló máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí òkèèrè la ti ń wò ó. Fọ́tò kan náà yóò fún bánà yẹn ní 50 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dúró ní òdìkejì títì kò sì ní fura. Ẹni tó ń wá 300 fún bánà ń da ara rẹ̀ láàmú.

Kí ẹ tó gbé fọ́tò sórí skánà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó gbẹ nu gíláàsì rẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi kan fọ́tò. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á, yóò ya. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ tòun ti gíláàsì. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ lo 1200 fún, nítorí pé ó kéré. Bí ẹ bá lò ó fún èyí tó tóbi, fáìlì ni yóò kàn wúwo. TIFF tàbí PNG ni kí ẹ fi pamọ́ sí, nítorí pé JPEG ń pàdánù díẹ̀ nígbàkígbà tí a bá tún un fi pamọ́. Bí kò bá sí skánà nítòsí, ẹ tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa iná fóònù, kí ẹ sì yà á láti òkè gan-an láìdagun.

Bí kò bá wá sí fọ́tò mìíràn ńkọ́? Ẹ mú un tóbi ní ìlọ́po méjì, kó má sì ju mẹ́rin lọ. Super Resolution tó wọ inú Photoshop ní ọdún 2021 ń sọ fífẹ̀ àti gíga di ìlọ́po méjì. Upscayl jẹ́ ọ̀fẹ́, orí kọ̀ǹpútà yín ló sì ti ń ṣiṣẹ́, fọ́tò yín kò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ètò tí ẹ ń lò bá ní apá tó ń tún ojú ṣe, ẹ pa á. Àwọn kan á ní kí ló burú nínú kí òkú rẹwà. Èmi kò bá wọn jà bó bá jẹ́ àwọ̀ gèlè ni. Ẹ gbé èyí tí ẹ̀rọ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi han àgbà tó mọ ẹni náà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ogún ọdún tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Bí kò bá ṣì mọ́ tó, ẹ jẹ́ kí àwòrán kéré lára bánà, kí orúkọ gba àyè tó pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó tì mí ní gbogbo àsìkò tí skánà fi ń ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí fọ́tò náà sùn sọ́dọ̀ mi di ọ̀la. Wọ́n ní rárá. Wọ́n wo iná skánà bó ṣe ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọ́n béèrè bóyá ó ti parí, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wé e sínú ìborùn, wọ́n sì fi í sínú báàgì wọn.