Rírán Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Onírọ́bà láti Ara Aṣọ Pẹrẹsẹ

Ní Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn, níbi tí àwọn ahunṣọ ti ń hun aṣọ òfì ní ìlà tóóró tóóró, tí aránṣọ sì ń rán wọn pọ̀ di odidi aṣọ, ọgbọ́n rírán kì í ṣe àjèjì. Ọgbọ́n kan náà ni a fi ń sọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì pẹrẹsẹ di onírọ́bà, ìyẹn èyí tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń di fóòmù mú, tí kì í fi í yọ bí ẹni tó sùn bá ń yí.

Aṣọ òwú máa ń súnkì, nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí a tó wọ̀n ọ́n. Bí fóòmù bá gùn ní ínṣì 72, tí ó fẹ̀ ní 54, tí ó sì ga ní 10, aránṣọ yóò fi ínṣì 10 náà àti ínṣì 4 tí yóò ká wọ abẹ́ fóòmù kún ìhà kọ̀ọ̀kan, tí aṣọ yóò fi gùn ní ínṣì 100, tí yóò sì fẹ̀ ní 82. Yóò gé ínṣì 13 àbọ̀ níbùú lóròó kúrò ní igun kọ̀ọ̀kan, yóò sì rán etí méjèèjì tí ó gé pọ̀ láti òdì aṣọ, kí igun lè dúró.

Níkẹyìn, yóò ṣẹ́ etí aṣọ po yíká, yóò rán an ṣùgbọ́n yóò fi ojú díẹ̀ sílẹ̀, yóò fi pínnì fa rọ́bà gba inú rẹ̀, yóò sì rán ojú náà pa. Nígbà ọyẹ́, tí eruku Òkè-Ògùn ń mú kí fífọ̀ pọ̀ sí i, abẹ́ ibòji ni kí a sá a sí, nítorí oòrùn gbígbóná ń ba rọ́bà jẹ́.