Ìdí tí Ìṣeéṣe Ìkọlù fi ń Gòkè kí ó tó Di Òfo: Àlàyé lórí Òkúta Òfurufú 2024 YR4

Ìfáárà

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, orúkọ Èkó wọ inú ìròyìn kárí ayé lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti rí òkúta òfurufú kan tí wọ́n pè ní 2024 YR4, ìṣírò wọn sì fi hàn pé ó lè kọlu ayé ní ọjọ́ 22, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2032. Bí ó bá kọlu ayé, ibi tí ó lè bọ́ sí wà lórí ìlà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn òkun Pàsífíìkì, tó la àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, òkun Àtìláńtíìkì, ilẹ̀ Áfíríkà àti òkun Arébíà kọjá, tó sì dé gúúsù Éṣíà. Èkó wà lára àwọn ìlú ńlá tí àwọn oníròyìn kà mọ́ ìlà náà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìṣeéṣe ìkọlù náà ti kọjá ìdá 1 nínú 100. Ní ọjọ́ 18, oṣù Èrèlé, ó ti di ìdá 3.1. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 24 oṣù kan náà, ó ti já wálẹ̀ sí ìdá 0.004.

Ẹni tó gbọ́ pé iye ń gòkè lè rò pé òkúta náà ń sún mọ́ tòsí. Ẹni tó sì gbọ́ pé iye ti já lè gbà pé àwọn onímọ̀ ṣìṣe, tàbí pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Àròkọ yìí ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rí irú òkúta bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ipa ọ̀nà rẹ̀, àti ìdí tí iye fi ń gòkè kí ó tó di òfo. Ó tún wo iṣẹ́ tí àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké bíi lè, fẹ́ àti yóò ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń sọ irú ìròyìn yìí ní èdè Yorùbá.

Ohun tí òkúta òfurufú jẹ́

Òkúta òfurufú ni àwọn àpáta tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń dá, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń yí oòrùn ká láàárín Mars àti Jupiter, wọn kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ayé. Díẹ̀ nínú wọn ni ọ̀nà wọn tẹ̀ wá sí itòsí ayé. Ayé jìnnà sí oòrùn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Òkúta tí ọ̀nà rẹ̀ bá mú un wọ inú ìlọ́po 1.3 ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn tó wà nítòsí ayé. Eros, tí wọ́n rí ní Berlin ní ọdún 1898, ni àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá mọ̀. Lóde òní, iye tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ti lé ní 35,000.

Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ níbí. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìràwọ̀ tó já ni ìmọ́lẹ̀ tó ń hàn nígbà tí òkúta kékeré tàbí eruku bá gbiná nínú afẹ́fẹ́ ayé. Kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Ẹdùn àrá, tó jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ lójúbọ Ṣàngó, ní ìtàn tirẹ̀: àwọn awalẹ̀pìtàn mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sí àáké òkúta tí àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ fi ọwọ́ ara wọn lọ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi ẹdùn àrá túmọ̀ ohun tí à ń sọ yìí, yóò da ìmọ̀ méjì pọ̀. Òkúta òfurufú ni ọ̀rọ̀ tí àròkọ yìí yàn.

Bí wọ́n ṣe ń rí wọn

Òkúta òfurufú kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bá ara rẹ̀ ni awò awọ̀nàjíjìn ń rí, ó sì sábà máa ń jọ ìràwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ohun tó ń tú u fó ni ìrìn rẹ̀. Awò náà yóò ya àwòrán apá kan sánmà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà yóò fi àwọn àwòrán náà wéra. Àwọn ìràwọ̀ yóò wà ní ipò wọn. Ojú-àmì tó bá ṣípò padà láti àwòrán kan sí èkejì ni wọn yóò gbé yẹ̀ wò.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lálaalẹ́ pọ̀. Catalina Sky Survey wà ní Arizona, Pan-STARRS wà ní Hawaii, ATLAS sì ní àwọn awò ní Hawaii, ní Chile àti ní Sutherland ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Minor Planet Center ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn mìíràn lè tọpa rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àjọ NASA ní Amẹ́ríkà àti àjọ ESA ní Yúróòpù yóò ṣírò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bóyá ọ̀nà òkúta náà yóò gba ọ̀dọ̀ ayé lọ́jọ́ iwájú.

Awò ATLAS tó wà ní Chile ló rí 2024 YR4 ní ọjọ́ 27, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2024. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni ó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé ní nǹkan bíi 830,000 kìlómítà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń jìnnà sí i tí ó sì ń ṣókùnkùn sí i, kò sì ní padà wá sí itòsí títí di ọdún 2028. Àkókò láti kó ìmọ̀ jọ kò pọ̀.

Láti ojú-àmì dé ipa ọ̀nà

Ìṣòro yìí ti wà tipẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1801, Giuseppe Piazzi rí Ceres láti Palermo ní Ítálì. Ó tọpa rẹ̀ títí di ọjọ́ 11, oṣù Èrèlé, kó tó di pé ìtànṣán oòrùn bò ó mọ́lẹ̀. Carl Friedrich Gauss, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 ní Jámánì, mú ìwọ̀nba ohun tí Piazzi kọ sílẹ̀, ó sì ṣírò ibi tí Ceres yóò ti jáde. Ní ìparí ọdún náà, wọ́n rí i níbi tí ó wí.

Ohun tí Gauss fi lélẹ̀ ni pé ìwọ̀nba àkíyèsí tó péye tó láti fi mọ ipa ọ̀nà ohun tó ń yí oòrùn ká. Ṣùgbọ́n kò sí àkíyèsí tí kò ní àléébù díẹ̀. Bí àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà 1 péré bá wà nínú ìyára tí wọ́n ṣírò fún òkúta kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn ọdún 8 àṣìṣe náà yóò ti tó 2,500 kìlómítà, ó kéré tán. Nítorí náà, bí àwọn onímọ̀ bá ń sọ ibi tí òkúta yóò wà ní ọdún 2032, wọn kò lè dárúkọ ojúkò kan. Ohun tí wọ́n ní dà bí okùn gígùn kan tó nà la sánmà kọjá. Òkúta náà yóò wà níbì kan lórí okùn yìí, wọn kò sì mọ ibi pàtó. Bí okùn náà bá gba orí ayé kọjá, ìkọlù ṣeé ṣe. Ìdá tí ayé gbà lára okùn náà ni wọ́n ń kéde gẹ́gẹ́ bí ìṣeéṣe.

Ewúrẹ́ tó sọnù ní àdúgbò

Àkàwé kan lè tú èyí palẹ̀. Ewúrẹ́ kan sọnù ní àdúgbò tó ní ilé 100, kò sì sí ẹni tó mọ ilé tó yà sí. Fún onílé kọ̀ọ̀kan, ìṣeéṣe pé ewúrẹ́ náà wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 100. Àwọn tó ń wá a bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilé wò láti ìpẹ̀kun àdúgbò. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé 50 wò tí wọn kò rí i, ti ẹni tí wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ di 1 nínú 50. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé 68 wò, ó di 1 nínú 32, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìdá 3.1 nínú 100. Ní gbogbo àkókò yìí, ewúrẹ́ náà kò sún mọ́ ilé ẹni náà ní ìṣísẹ̀ kan. Iye ilé tó kù ló ń dín kù. Bí wọ́n bá wá gbọ́ igbe rẹ̀ ní ilé mìíràn, ti ẹni yìí di òfo lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ 2024 YR4 rí. Gbogbo alẹ́ tí wọ́n bá tún rí i ni okùn náà ń kúrú sí i. Bí ayé bá ṣì wà lábẹ́ okùn tó ti kúrú, ìdá tí ayé gbà lára rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Ìyẹn ló mú iye dé 3.1. Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àkíyèsí tuntun gé orí okùn náà kúrò lórí ayé, iye sì já. Kò sí ẹni tó tún ìṣírò tó ti bàjẹ́ ṣe. Ìmọ̀ tuntun ló dé.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18, oṣù Èrèlé, kò sí ẹni tó lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé iye náà yóò já. Òkúta tó máa kọlu ayé lóòótọ́ pẹ̀lú yóò gòkè báyìí gan-an, yóò sì máa gòkè títí dé 100. Òkúta tó tó nǹkan bíi 60 mítà kò lè pa ayé run, àmọ́ ó lè ba ìlú ńlá jẹ́. Nítorí náà ni wọn kò fi gbọdọ̀ fojú kéré iye náà nígbà tó ń gòkè.

Àpẹẹrẹ méjì mìíràn

Apophis, òkúta tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 340 mítà, ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Wọ́n rí i ní oṣù Òkúdu ọdún 2004 fún alẹ́ méjì, ó sì bọ́ mọ́ wọn lójú títí di oṣù Ọ̀pẹ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀pẹ, ìṣeéṣe pé yóò kọlu ayé ní ọdún 2029 dé ìdá 2.7. Ní ọjọ́ kan náà, àwọn onímọ̀ rí i nínú àwọn àwòrán tí wọ́n ti yà láti oṣù Ẹrẹ́nà láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn àwòrán àtijọ́ yìí fa àkókò àkíyèsí gùn sẹ́yìn, okùn náà kúrú, ìkọlù ọdún 2029 sì di òfo. Rédà tí wọ́n fi wò ó ní ọdún 2021 fi hàn pé kò ní kọlu ayé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ó kéré tán.

Àpẹẹrẹ kejì parí sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ 6, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2008, Catalina Sky Survey rí òkúta kékeré kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 4, tí wọ́n pè ní 2008 TC3. Àwọn awòràwọ̀ kárí ayé rán àkíyèsí tó lé ní 500 wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn náà kúrú títí tó fi wà lórí ayé pátápátá. Òkúta náà já sí aṣálẹ̀ Nubia ní àríwá Sudan, níbi tí ìṣírò wí. Ní ìparí ọdún náà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Khartoum, pẹ̀lú Peter Jenniskens, tọ ìlà tí ìṣírò fi lélẹ̀ nínú aṣálẹ̀, wọ́n sì ṣa àwọn àfọ́kù rẹ̀. Almahata Sitta ni wọ́n sọ wọ́n, ìyẹn Ibùdókọ̀ Kẹfà ní èdè Lárúbáwá, nítorí ibùdókọ̀ rélùwéè tó wà nítòsí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀dá rí òkúta lójú òfurufú kó tó já, tí wọ́n sì tún ṣa á nílẹ̀.

Lè, fẹ́ àti yóò

Bí ìròyìn báyìí bá dé èdè Yorùbá, wúnrẹ̀n kan ṣoṣo lè yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta: òjò lè rọ̀, òjò fẹ́ rọ̀, òjò yóò rọ̀. Àkọ́kọ́ sọ ohun tó ṣeé ṣe, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún òdìkejì rẹ̀. Èkejì sọ pé àmì rẹ̀ ti hàn, àwọn tó sá aṣọ ti ń kó o wọlé. Ẹ̀kẹta sọ ohun tó dájú lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí oníròyìn bá kọ ọ́ pé òkúta òfurufú fẹ́ kọlu ayé, ohun tí òǹkàwé gbọ́ ni pé ó kù díẹ̀. Gbólóhùn náà kò bá ìdá 3.1 mu. Lè ni wúnrẹ̀n tó bá a mu, pẹ̀lú iye rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Iye náà pẹ̀lú nílò ìtọ́jú. Ìdá 3.1 nínú 100 ṣòro fún ọ̀pọ̀ etí láti gbà. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 32 yé ni jù, pàápàá bí wọ́n bá fi kún un pé nínú 32 náà, ìgbà 31 ni yóò kọjá láìfọwọ́ kan ayé. Ó tún yẹ kí wọ́n ya ìṣeéṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ewu. Ìṣeéṣe ń sọ bí ó ti rọrùn tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ewu ń ka ohun tó máa bàjẹ́ mọ́ ọn. Òkúta Sudan ní ìṣeéṣe tó péye pátápátá, ewu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Paríparí rẹ̀, ó yẹ kí ọjọ́ bá iye rìn nígbà gbogbo, nítorí pé iye ọjọ́ 18 àti iye ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé jẹ́ òótọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ sánmà kò yàtọ̀ sí èyí: bí wọ́n bá tètè rí òkúta, okùn àìdánilójú á kúrú nígbà tí àyè ṣì wà láti ṣe nǹkan. Ohun tí àwùjọ nílò ni láti mọ̀ pé iye tó ń gòkè jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà, yálà òkúta ń bọ̀ tàbí kò bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13, oṣù Igbe, ọdún 2029, Apophis yóò kọjá ní nǹkan bíi 32,000 kìlómítà sí ilẹ̀ ayé, èyí tó sún mọ́ wa ju àwọn sátẹ́láìtì tó ń gbé ètò tẹlifíṣọ̀n lọ. Bí sánmà bá mọ́, àwọn ará Áfíríkà wà lára àwọn tí yóò fi ojú lásán rí i bí ìràwọ̀ tó rọra ń rìn. Ìròyìn nípa rẹ̀ yóò tún gba orí rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè Yorùbá. Àkókò ṣì wà fún àwọn onímọ̀ èdè, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn oníròyìn láti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò kí alẹ́ náà tó dé.