Ẹ Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wo Iṣẹ́ Gbalasa Òfuurufú

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ní Television ní ìlú Kaduna, bí ọlidé bá dé, ibo ni ẹ máa ń kó àwọn ọmọ lọ? Àbí iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrun Iṣáì? A fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìrìnàjò kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò tíì rò: lílọ wo iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí gbalasa òfuurufú.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní ìlú Ọba lè mú ọmọ lọ sí ibùdó tó wà ní Leicester, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2001, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi dúró nínú ilé gogoro. Ṣùgbọ́n Kano, aládùúgbò yín, ti wọ inú ìtàn yìí tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, NASA ní ibùdó kan níbẹ̀ tó ń bá àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1962, John Glenn, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó yí ayé po, kọjá lórí Kano. Ó ní òun rí eruku tó ń fẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn tó wà ní Kano sì dá a lóhùn pé eruku ti pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá eruku ọyẹ́ Kaduna lójoojúmọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ láti Èkó nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Àwọn ọmọ wa mọ ojú Balewa lára owó náírà márùn-ún. Ẹ sọ èyí náà fún wọn.

Ibùdó Kano ti kógbá sílé tipẹ́. Abuja ni ibi tí ẹ lè fojú sùn lónìí. Ilé iṣẹ́ NASRDA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, wà ní Lugbe, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ilé iṣẹ́ yìí ló ni NigeriaSat-1, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè láti Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Kò wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ, síbẹ̀ nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní ọdún 2005, ó wà lára àwọn tó ya àwòrán ìlú náà fún àwọn Amẹ́ríkà. NigeriaSat-X, tó gòkè ní ọdún 2011, àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ló tò ó pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má kàn gbé kúlà ìrẹsì dé ẹnu ọ̀nà wọn o. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́. Ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù yín kọ ìwé sí wọn ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Ta ló gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022? Ẹ wádìí dáadáa kí ẹ tó gbéra. Bí àgbà ilé bá sì ní kí ẹ má lọ, èmi kò rí ẹ̀bi rẹ̀. Bí ẹ bá lọ ṣe Iléyá nílé, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún Áfíríkà ń bẹ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1998.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ọmọ á bi yín bóyá Mùsùlùmí ti dé ọ̀hún rí. Ọmọ ọba Saudi Arabia, Sultan bin Salman, lọ ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdánì ń parí lọ. Nígbà tí Sheikh Muszaphar Shukor ti Malaysia ń lọ ní ọdún 2007, tí Ràmàdánì tún bọ́ sí i, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ìlú rẹ̀ kọ ìlànà ìrun fún un: kí ó kọjú sí Káábà bí ó bá ṣeé ṣe, bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó kọjú sí ilẹ̀ ayé, bí ìyẹn náà kò bá rọrùn, ibikíbi tó bá kọjú sí ti tó.

Bí owó tàbí ọ̀nà kò bá sì gbà, àgbàlá yín ń bẹ. Ibùdó òfuurufú àgbáyé ń yí ayé po ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, NASA sì máa ń kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà tí yóò kọjá lórí ìlú kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, kété lẹ́yìn ìrun Mọ́gàríbì ni. Ìmọ́lẹ̀ kan tí kì í ṣẹ́jú, tí kò pariwo, tó ń lọ láìdúró. Kì í pẹ́ kọjá, nítorí náà ẹ ti pe àwọn ọmọ jáde kí ó tó dé.