Pèrègún, Igi Ààlà

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ọ̀pọ̀ igi sì wọ́wé, ewé pèrègún a máa tutù minimini síbẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn baba wa fi yàn án láti fi pa ààlà. Òkúta a máa ṣí nípò, ikán a sì máa jẹ òpó. Ṣùgbọ́n pèrègún a ta gbòǹgbò, a sì dúró níbi tí a gbìn ín sí.

Síbẹ̀, pèrègún tí ẹnì kan ṣoṣo gbìn kì í ṣe ààlà, ìjà ni. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ni ó ń dìde nígbà tí àwọn baba tí ó mọ ààlà bá ti kú. Nítorí náà, kí ẹ tó gbìn ín, ẹ jẹ́ kí oníoko méjèèjì àti àwọn àgbà péjọ, kí wọn na okùn láti igun dé igun, kí àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀, nítorí àwọn ni yóò jẹ́rìí lọ́la. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gé ọ̀pá pèrègún tí ó ti gbó, kí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀. Ẹ sàmì sí ìdí rẹ̀, kí ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò. Ẹ fi í sí abẹ́ ìbòòji fún ọjọ́ 2, kí ojú ibi tí a gé lè gbẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 1 sì wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì. Níbi tí omi bá ń dúró sí, ìdí rẹ̀ yóò rà.

Lọ́dọọdún, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, ẹ ro ìdí rẹ̀ kí iná igbó má baà jó o. Èyí tí ó bá ga jù, ẹ bẹ́ ẹ lórí níbi tí ó bá ìbàdí ènìyàn dọ́gba. Yóò yọ ẹ̀ka tuntun nísàlẹ̀ ibi tí a bẹ́, ọgbà yóò sì di. Orí tí ẹ bẹ́, ẹ fi dí àlàfo èyí tí ó kú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá jẹ ewé rẹ̀, nítorí yóò mú un bì.

Igi yìí kan náà ni àwọn ẹ̀yà Chagga fi ń pa ààlà ní ẹ̀gbẹ́ òkè Kilimanjaro, ní ilẹ̀ Tanzania. Nínú àṣà wọn, bí ẹni tí ó ṣẹ aládùúgbò rẹ̀ bá mú ewé rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì, ó ṣòro kí a tó kọ̀ fún un.

Lóde òní, ilé ẹjọ́ a máa béèrè ìwé àti àwòrán ilẹ̀. Ẹ ṣe ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá aládùúgbò yín ro ìdí pèrègún pọ̀ lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ pin sí.