ÀGỌ́ LẸ́BÀÁ ÒKUN: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí tí yóò kó Ọmọ lọ sí Tarkwa Bay

Nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, tí ooru sì mú nínú yàrá, ìdílé púpọ̀ ní Èkó a máa gbèrò àtilọ sí etíkun, kì í ṣe fún wákàtí méjì péré, bí kò ṣe láti pàgọ́ síbẹ̀, kí wọn sùn, kí wọn sì jí sí ariwo ìgbì. Ohun rere ni èyí lójú tiwa. Bàbá tí ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, yóò rí ojú wọn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ìyá pẹ̀lú yóò sì rí ẹni bá a fẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, òkun kò rí bákan náà níbi gbogbo, ibi tí ó sì dára láti sùn lè má jẹ́ ibi tí ó dára láti wẹ̀. Lórí èyí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú Tarkwa Bay ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ẹnu ọ̀nà tí òkun gbà wọ ọ̀sà Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni a sì ń wọ̀ débẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà yìí a máa ba àwọn atukọ̀ lẹ́rù. Iyanrìn gbá jọ sábẹ́ omi níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Òde ni wọn ń dúró sí, tí ọkọ̀ kékeré yóò sì lọ kó èrò àti ẹrù wọn. Ní 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí da òkúta ńláńlá sínú òkun, láti fi mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, kí omi lè máa fi agbára ara rẹ̀ gbá iyanrìn kúrò. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń kó òkúta náà wá láti Arò ní Abẹ́òkúta. Ògiri ti ìwọ̀-oòrùn ni ó fi èjìká gba ìgbì fún Tarkwa Bay, òun ni omi ibẹ̀ fi rọ̀ ju ti etíkun gbangba lọ.

Òkúta kan náà tí ó ṣe ibẹ̀ lóore ni ó ṣe ibòmíràn níbi. Ní etíkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń ti iyanrìn lọ. Ògiri dá a dúró. Etíkun tí ilé ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ wà, ní ẹ̀yìn ògiri lọ́hùn-ún, ń gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n Bar Beach tí ó wà ní òdì kejì kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ títí, òkun ń kó o lọ. Lónìí, ilẹ̀ tí a fi iyanrìn dì, èyí tí a ń pè ní Eko Atlantic, ni ó wà níwájú ibi tí àwọn bàbá wa ti ń gba atẹ́gùn ní ọjọ́ Ọdún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo tí kò jìnnà síbẹ̀, ó sì gbé àwọn tí ń gbé etí omi náà lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Nítorí náà, kí bàbá ilé tó kan èèkàn àgọ́ mọ́lẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ etíkun bí a bá gba ènìyàn láyè láti sùn. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá ìlà pàǹtí gbígbẹ tí omi fi sílẹ̀ lórí iyanrìn, kí ó sì pàgọ́ sókè rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún tí ó sì ń fà. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, ó ń kún ju ti ìyókù lọ. Ìgbà òjò ni òkun wa ń bínú jù. Ìdílé tí ó bá lè dúró de ọyẹ́, kí ó dúró.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìwẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀ kì í pẹ́ rí omi Tarkwa Bay bí omi inú agbada. Wọn yóò rìn kọjá sí etíkun ilé ìmọ́lẹ̀, níbi tí ìgbì gbé tóbi. Ibẹ̀ ni ewu wà. Omi tí ìgbì ń gbé wá sórí iyanrìn ní láti padà, a sì máa gba ojú ọ̀nà tóóró kan ṣàn padà sínú òkun pẹ̀lú agbára. Ojú ọ̀nà yìí ń tan ènìyàn jẹ, nítorí ìgbì kì í fọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ọmọdé yóò wò ó, yóò rò pé ibẹ̀ ni omi gbé dákẹ́. Bí ẹ bá rí omi tí ó dúdú díẹ̀ láàrin ìfófòó funfun, tí iyanrìn àti pàǹtí ń bá a lọ sí òde, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan fi ẹsẹ̀ kàn án.

Omi yìí kì í fa ènìyàn sí ìsàlẹ̀, òde ni ó ń gbé e lọ. Ẹni tí ó bá dojú kọ ilẹ̀ tí ó ń bá a jà, àárẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú un. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Kí ó fẹ̀yìn lé omi, kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè; nígbà tí agbára omi bá dín, kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ, kí ó tó yí padà sí ilẹ̀.

Ohun kan wà tí ó ń dùn wá gidigidi. Àṣà wa ni láti fi ọmọ kékeré sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àṣà náà sì dára ní àgbàlá. Létí òkun kò dára rárá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a sọ fún pé kí ó mójú tó àbúrò rẹ̀ yóò sáré wọ omi lọ gbà á, nítorí ó bẹ̀rù yín ju òkun lọ, omi yóò sì gbé àwọn méjèèjì. Ẹ yan àgbàlagbà kan, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa wo omi nìkan, láìka ìwé, láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé etí yín: ẹni tí omi ń gbé kì í sábà lè kígbe. Kí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu, tí a sì so okùn mọ́, wà nítòsí, kí a lè jù ú sí ẹni tí ó wà nínú ewu dípò kí ẹlòmíràn bẹ́ lé e.

Bí a bá gbé ọmọ jáde tí kò mí, ẹ má ṣe gbé e sorí kodò, ẹ má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ níkùn. Àkókò ni èyí ń jẹ. Ẹ tẹ́ ẹ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún un nímú, kí ẹ sì fẹ́ èémí sí i lẹ́nu ní ìgbà 5. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá ní ìgbà 30, èémí 2, kí ẹ sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó tilẹ̀ jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀yin ìyá mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Kí omi mímu pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn má sì ṣe kù sílé. Ẹ̀rọ orin tí àwọn kan ń gbé wá, tí ó ń bo ìró òkun mọ́lẹ̀, àwa kò rí ìdí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí ẹ óò padà, omi ni kí ẹ fi pa iná ìdáná, kì í ṣe iyanrìn. Nítorí ẹ̀yín tí a bo mọ́lẹ̀ a máa gbóná sábẹ́ iyanrìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni yóò sì tẹ̀ ẹ́.