Ṣé o mọ̀? Agbára omi nìkan lè ṣí páìpù tó dí

Àpò rọ́bà kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì láti fi ṣí páìpù síǹkì tàbí ti balùwẹ̀ tó dí. Bí wọ́n bá tì í bọnú páìpù tí wọ́n ṣí omi, á wú, á sì fún mọ́ ara páìpù pinpin. Omi á wá máa tú jáde níwájú rẹ̀ tipátipá, á sì ti ọ̀rá, irun àti iyanrìn lọ.

Nílé tí omi ti ń wá láti inú táǹkì, gíga táǹkì náà ló ń pinnu ipá omi: mítà 10 ń fúnni ní nǹkan bíi bar 1. Nílé kan ní Kémta, l'Abẹ́òkúta, táǹkì tó fi mítà 4 ga ju ẹ̀rọ omi lọ kò lè fúnni ju bar 0.4 lọ. Èyí tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ́yìn ilé máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀.

Aṣọ tútù ni wọ́n fi ń dí àwọn ihò yòókù tó já sí páìpù náà, kí ìdọ̀tí má baà ru jáde níbẹ̀. A kì í lo àpò náà bí wọ́n bá ti da kọ́sítíìkì sínú páìpù, torí kọ́sítíìkì náà lè ta síni lójú. Kí wọ́n tó fà á jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ ti omi, kí àpò náà sì fọn.