Ewé Tútù Ni Ààrò Ohun Ọ̀gbìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ bẹ oko wò, bàbá àgbẹ̀ kan mú mi lọ sí ìdí àgbàdo rẹ̀ tí ewé rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti fún un ní oúnjẹ. Odindi àpò ajílẹ̀ ni mo bù sí i. Kí ló dé tí kò yó?" Mo fèsì pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ajílẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ àgbàdo. Ewé ni ó ń se oúnjẹ náà fúnra rẹ̀." Ẹnu ya bàbá. Nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń rò bí tirẹ̀, ó yẹ kí a jọ wo bí iṣẹ́ yìí ti ń lọ nínú ewé.

Ohun tí ewé fi ń se oúnjẹ

Gbòǹgbò ni ó ń fa omi láti inú ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, irú èyí tí a ń mí síta, ni ewé ń gbà wọlé láti ojú àwọn ihò tíntìntín ara rẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ yìí ni ewé ń sọ di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni ó ń di ọmọ àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kì í jinná láìsí iná. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná ààrò yìí. Èròjà tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà ni ó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kulorofíìlì.

Bí ìmọ́lẹ̀ ti ń di agbára

Kulorofíìlì kì í dá ṣiṣẹ́. Bí àgbẹ̀ ti ń bẹ ọ̀wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí 200 sí 300 wọn ń para pọ̀. Iṣẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kí wọ́n gba ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa ta agbára rẹ̀ látaré láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, títí yóò fi kan kulorofíìlì àkànṣe tí ó wà ní àárín.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá wà. Bí agbára náà bá ti dé, èérún kan tí ó kéré púpọ̀, tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, yóò fò kúrò lára kulorofíìlì yìí bọ́ sọ́wọ́ èròjà tí ó wà nítòsí. Irú èérún yìí kan náà ni ó ń rìn nínú wáyà nígbà tí iná mànàmáná bá ń tàn. Ẹni tí ó fúnni di aláìní, ẹni tí ó gbà ní àníjù, wọ́n sì dà bí orí àti ìdí bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Bí èérún náà bá tètè padà sílé, agbára oòrùn tí a gbà yóò di ooru lásán. Nítorí náà ni àwọn olùgbà fi tò ní ìlà. Ẹni tí a bu ẹyin iná sí lọ́wọ́ kì í dì í mú. Kíá ni yóò jù ú sí ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni èkíní ń sún un fún èkejì, tí èkejì ń sún un fún ẹ̀kẹta, títí ọ̀nà àbọ̀ yóò fi jìn. Fífò àkọ́kọ́ kò gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ọmọ Jámánì mẹ́ta, Johann Deisenhofer, Robert Huber àti Hartmut Michel, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n fi bí ìlà yìí ti tò hàn nínú ẹ̀dá kan tí ojú lásán kò lè rí, tí òun náà ń lo ìmọ́lẹ̀ bí ewé.

Omi ni ó ń dí àlàfo tí èérún náà fi sílẹ̀. Ewé ń tú omi palẹ̀, ó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó sì ń jáde níbẹ̀ ni àwa ń mí sínú. Lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ bá tún ti èérún náà síwájú lẹ́ẹ̀kejì, agbára rẹ̀ ni ewé fi ń sọ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù di ṣúgà.

Ohun tí ó kan àgbẹ̀

Nínú kulorofíìlì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ náítírójìn 4 ni ó yí ẹyọ magnísíọ̀mù 1 ká. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń fa àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ajílẹ̀ nìyí: kì í ṣe oúnjẹ, ohun tí a fi ń mọ ààrò ni. Bí wọn kò bá tó nínú ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn yóò máa tú ààrò ewé ìsàlẹ̀ láti fi mọ ti ewé òkè. Ìdí nìyí tí ewé ìsàlẹ̀ fi ń kọ́kọ́ pọ́n. Ẹ fara balẹ̀ wò ó:

1. Bí ewé àgbàdo bá ń pọ́n láti ṣóńṣó, tí pípọ́n náà ń tẹ̀lé iṣan àárín bọ̀, náítírójìn ni kò tó. Ẹ fún un ní yúríà, tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà.

2. Bí iṣan ewé bá ṣì tutù, ṣùgbọ́n tí àárín wọn pọ́n ní ìlà ìlà, magnísíọ̀mù ni kò tó. Ẹ lo ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà, tàbí ẹfun oko tí magnísíọ̀mù wà nínú rẹ̀.

Irú èkejì yìí ni ti bàbá wa. Ajílẹ̀ NPK tí ó rà kò ní magnísíọ̀mù. Bí pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ bá sì pọ̀ jù, ó lè dí gbòǹgbò lọ́wọ́ láti fa ìwọ̀nba magnísíọ̀mù tí ó wà nílẹ̀. Bàbá náwó sí ohun tí oko rẹ̀ kò ṣe aláìní.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra àpò mìíràn, ẹ yẹ ewé wò. Àìsàn tàbí omi tí ó dúró sí ìdí irúgbìn náà lè mú ewé pọ́n. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ oko yín fún àyẹ̀wò. Ẹ sì tètè ro oko, nítorí ewé tí koríko bá ṣíji bò kò rí iná dá. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ewé ni ojú ohun ọ̀gbìn.